Ìwé kóòdù: ṣé kí n ra èyí tí wọ́n tẹ̀, àbí kí n máa sanwó ti orí fóònù?

WáyàHouston

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ Òṣogbo ni mí, Houston ni mo ń gbé. Iṣẹ́ wáyà ni mo kọ́ nílé, lọ́dọ̀ ọ̀gá tó jẹ́ pé ojú ló fi ń wọn wáyà. Á fi ìka méjì mú un, á ní "èyí á gbé e," ó parí. Níbí, wọn kì í fi ìka wọn nǹkan. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, wákàtí mi sì ti lé ní 7,000 tí Texas ní kéèyàn ní kó tó lè ṣe ìdánwò journeyman, ìyẹn oníṣẹ́ iná tó ní láìsẹ́ǹsì tirẹ̀. (Á pé 8,000 kí wọ́n tó fúnni ní láìsẹ́ǹsì, àmọ́ ìdánwò yẹn ló ń já mi láyà báyìí.)

Ọ̀rọ̀ ìwé NEC, ìwé kóòdù iṣẹ́ iná mànàmáná ní Amẹ́ríkà, ló gbé mi wá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má wulẹ̀ ra ìwé kankan, kí n máa san owó oṣooṣù fún NFPA LiNK, ti orí fóònù tí àwọn tó ń tẹ NEC ṣe, kí n máa tẹ ohun tí mo bá ń wá, á sì jáde. Fóómàn wa ní tí òun bá bá fóònù lọ́wọ́ mi lórí àkàbà, ilé ni mò ń lọ. Ìwé títẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ, ọmọ méjì sì ń bẹ nílé tí wọ́n ń jẹun bí àgbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, èwo ni kí n mú?

BàbáKọ́ńdúìtì

Àbúrò, ra ìwé.

Mo ti wà nídìí iṣẹ́ iná ní Dallas láti ìgbà tí Table 310.16, tábìlì iye iná tí wáyà lè gbé, ti ń jẹ́ 310.16, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 310.15(B)(16) ní 2011, kí wọ́n tó tún dá orúkọ rẹ̀ padà fún un ní 2020. (Àwa àgbà rẹ́rìn-ín títí lọ́dún yẹn. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ há nọ́ńbà gígùn yẹn sórí ni mo káàánú.) Tí o bá béèrè wáyà bàbà 3/0 lọ́wọ́ mi, ọwọ́ mi ti dé ojú ìwé náà kí o tó sọ̀rọ̀ tán: apá òsì, òpó ti 75°C, 200 ampere. Ojú mi ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe orí mi. Ohun tí fóònù kò lè kọ́ ọ nìyẹn. Lórí fóònù, gbogbo ojú ìwé ló jọra wọn. Bí ẹni tí ọ̀kadà já sílẹ̀ lóru ni, o ti dé ibẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tí wọ́n bá ní kí o padà wá lọ́la, o ò mọ̀nà.

Ra èyí tí wọ́n fi wáyà róbótó mú lẹ́yìn, kó lè tẹ́jú gbalaja sórí ẹ̀yìn ọkọ̀ láìjẹ́ pé o fi ìdí plier tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ra tábù rẹ̀ pẹ̀lú, àwọn àmì kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ etí ojú ìwé. Fúnra rẹ ni kí o lẹ tábù náà o, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ lẹ̀ ẹ́, torí lílẹ̀ yẹn ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́.

ỌmọLágelu

Ra méjèèjì, kí o rọ́jú mu gàrí lóṣù yìí.

ÌyáÌbejì_Maryland

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Àmọ́ kí àbúrò wa tó yọ owó lápò, ọ̀rọ̀ kan ṣáájú ọ̀rọ̀ bébà àti fóònù o. Ẹ̀dà ọdún wo?

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yẹ plánù ilé wò kí wọ́n tó fún onílé láṣẹ láti kọ́ ọ. Àwọn ìwé wọ̀nyí, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún wọn ṣe. NEC ní ti 2017, 2020 àti 2023. IBC tí àwa onílé kíkọ́ ń lò ní ti 2015, 2018, 2021 àti 2024. Ìwé lásán ni gbogbo wọn títí ìjọba ibì kan á fi gbà wọ́n wọlé, kálukú sì ń gba tirẹ̀ nígbà tó bá wù ú, á tún fi àtúnṣe tirẹ̀ lé e lórí. Ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2023 ni Texas gba NEC 2023 wọlé. Houston yín gba IBC 2021 láti oṣù kìíní 2024, àmọ́ ó ní àtúnṣe tirẹ̀ tí ẹ ò lè bá nínú ìwé tí wọ́n ń tà fún gbogbo ayé. NEC 2026 ti jáde báyìí. Jíjáde yàtọ̀ sí kó di òfin. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ sanwó ìwé gan-an ni kí o wo ojúlé TDLR, àjọ tó ń fúnni ní láìsẹ́ǹsì ní Texas, kí o wo ẹ̀dà tí wọ́n ń lò, kí o sì wo èyí tí wọ́n ń bi yín ní ìdánwò, torí méjèèjì kì í fìgbà gbogbo yí padà lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọkùnrin kan mú plánù ọ̀fíìsì wá, ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 6,000. Ó ti ya ilẹ̀kùn àbájáde kejì sí i, ó gé yàrá ìpàdé wẹ́wẹ́ kí ọ̀nà lè gbabẹ̀ kọjá. Mo ní kí ló dé? Ó ní èèyàn 60 ni yóò wà níbẹ̀, tó bá sì ti ju 49 lọ, ọ̀nà àbájáde gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. Òótọ́ ló sọ, nínú ìwé ti 2015. Ìwé yẹn ka èèyàn kan fún ẹsẹ̀ bàtà 100 ní ọ̀fíìsì. Láti 2018, èèyàn kan fún 150 ni. Ẹ pín 6,000 sí 150, èèyàn 40 ni. Bí ìrìn láti igun tó jìnnà jù kò bá ti kọjá ààlà, ilẹ̀kùn kan tó. Tábìlì yẹn pàápàá ti yí nọ́ńbà padà, 1004.1.2 ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó ti di 1004.5. Wọ́n tún plánù yẹn yà látìbẹ̀rẹ̀, onílé ló sì sanwó rẹ̀.

Kì í ṣe ìwé títẹ̀ ló ń lò o! PDF ni, lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹnì kan ló fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀yin ọmọ, PDF tí ẹ ti fà sórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ti ìgbàlódé. Ìwé títẹ̀ ni, bébà ni kò ní.

AfáráTópẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Ẹnjinníà afárá ni mí, ní Atlanta. Mi ò bá Bàbá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ sáìtì, ti ìdánwò ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ṣe PE Civil, ìdánwò láìsẹ́ǹsì àwa ẹnjinníà, àpótí onítáyà ni wọ́n fi ń fa ìwé wọ gbọ̀ngàn. Ìwé tó kún fún tábù, bí ìyẹ́ adìyẹ. Oṣù kẹrin 2022 ni NCEES, àjọ tó ń ṣe ìdánwò náà, gbé e bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fòpin sí ìwé tara ẹni. Orí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ìwé kóòdù síwájú rẹ, PDF tí o lè wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ti oníná, PE Power, ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà ṣáájú tiwa, ní 2020. Ọ̀rẹ́ mi kan ti lo ọdún kan lórí tábù àti àwọ̀ kí ìròyìn náà tó kàn án. Ó mọ̀ pé tábìlì tí òun ń wá wà "lókè, lápá ọ̀tún, lẹ́yìn ibi tí kọfí dà sí." Kọ̀ǹpútà ibi ìdánwò kò mọ ibi tí kọfí dà sí.

Nítorí náà, àbúrò, ìwé ìtọ́ni ìdánwò ni kí o kọ́kọ́ kà. Ìpínlẹ̀ kan á jẹ́ kí o gbé ìwé tìrẹ wọlé, òmíràn á fún ọ ní tiwọn, òmíràn á gbé e sójú kọ̀ǹpútà. Èyí tí wọ́n máa jẹ́ kí o ṣí lọ́jọ́ náà ni kí o fi kọ́ ọwọ́ láti òní.

Àdùkẹ́Àkàbà

Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé wọlé, ẹ kíyè sára nípa ohun tó wà nínú ìwé náà. Níbi tí mo ti ṣe tèmi, wọ́n gbọn ìwé mi bí ẹni ń gbọn aṣọ tó ní kòkòrò. Gbogbo bébà pélébé tí mo lẹ̀ tó ṣeé ṣí kúrò, wọ́n yọ ọ́. Tábù tó lẹ̀ pinpin nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ohun tí mo fi pẹ́ńsùlù kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, wọ́n ní kí n pa á rẹ́ níwájú wọn. Ìdánwò kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mò ń fi ìrésà pa ìmọ̀ mi rẹ́.

WáyàHouston

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún èyí tí wọ́n ń jẹ́ kéèyàn kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ojúlé NFPA, mo ní kí n tọ́ ọ wò. Ojú tì mí. Mo tẹ "socket", ohun tó jáde kò kan èyí tí mo ń wá. Mo tẹ "earth", bákan náà. Mo fẹ́ mọ iye ibi tí wọ́n ti ń béèrè GFCI (ohun tó ń gé iná kó má baà gbé èèyàn) nínú ilé, mo wá a fún ogójì ìṣẹ́jú. Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n wá ni, àbí nǹkan yẹn ni kò dáa?

BàbáKọ́ńdúìtì

Hẹn-ẹ́n! Ibi tí mò ń retí kí o dé nìyẹn.

Ìwọ kọ́ ni kò mọ̀ ọ́n wá. Èdè ilé lo fi ń wá a. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́ nílé, Gẹ̀ẹ́sì ti Lọ́ńdọ̀nù ni. Ohun tí à ń pè ní socket, receptacle ló ń jẹ́ nínú NEC. Earth tiwa, grounding ni. Light fitting, luminaire. Board tí fíúùsì wà nínú rẹ̀, panelboard. Gbogbo páìpù àti trunking lápapọ̀, raceway. Àpótí ìwáǹkan orí fóònù dà bí ìránṣẹ́ tó gbọ́ràn jù, ohun tí o bá dárúkọ gan-an ni yóò gbé wá. Kò ní ronú pé "bóyá ohun tí ọmọ yìí ń wá nìyí."

Nínú ìwé títẹ̀, atọ́ka wà lẹ́yìn, o lè fi ìka tọ ọ́ sísàlẹ̀ títí o fi máa rí ọ̀rọ̀ tó jọ èyí tí o mọ̀. Bí o bá ń ṣí ìwé lọ sí 210.8 tí o ń wá fún GFCI, o ó pàdé 210.12 lọ́nà, o ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ti arc-fault, iná tó ń ta pàrà lára wáyà, wà láìbéèrè. Fóònù kì í jẹ́ kéèyàn pàdé ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ra ìwé ìkọ̀wé kékeré kan, kọ ọ̀rọ̀ ilé sápá kan, kọ tiwọn sápá kejì. Mo ní tèmi títí dòní, ó ti di àlòkù.

ÌyáÌbejì_Maryland

Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, Bàbá, àmọ́ ẹ má fi í ṣe ẹ̀sùn fún fóònù nìkan. Ẹni tó bá ti mọ orúkọ nǹkan, ojú kan péré ló máa fi rí gbogbo ibi tí wọ́n ti dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo bá ń yẹ plánù wò, tí ìwé bá ní "wo 1011.5.2," mo kàn tẹ̀ ẹ́, mo ti dé ibẹ̀ (ìyẹn ni àtẹ̀gùn: kí gíga rẹ̀ má ju íǹṣì 7 lọ, kí ibi ìtẹ̀sẹ̀ má dín sí 11). Mo da ọ̀rọ̀ náà kọ síwèé èsì mi bó ṣe wà, láìṣì kọ. Pẹ̀lú ìwé títẹ̀, ìka mẹ́rin ló máa wà láàárín ojú ìwé mẹ́rin, tẹlifóònù á sì dún.

Ìdí mìíràn ni àṣìṣe. Ìwé tó tóbi báyìí máa ń ní àṣìtẹ̀, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ a máa kéde àtúnṣe. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n á ti fi í sípò. Nínú ìwé títẹ̀, ìwọ ni kí o lọ gbé àtúnṣe náà, kí o fi bírò kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bébà, èèló nínú yín ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí?

BàbáKọ́ńdúìtì

Mo ti gbọ́.

PeckhamIná

Mo kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí Bàbá sọ nípa ọ̀rọ̀ náà mú mi rẹ́rìn-ín, torí earth àti socket-outlet ni tiwa níbí, bíi ti ilé gẹ́lẹ́. BS 7671 ni ìwé wa, ẹ̀dà kejìdínlógún, 2018, lẹ́yìn náà Àtúnṣe Kejì ti 2022 tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ búráwùn. Tí ẹ bá gbọ́ tí oníná kan ní "brown book," òun nìyẹn.

Ìdánwò 2382 ti City & Guilds, ìbéèrè 60 ní wákàtí méjì, ìwé sì wà ní ṣíṣí níwájú rẹ. Ìṣẹ́jú méjì fún ìbéèrè kan. Ẹni tí kò mọ apá tí nǹkan wà nínú ìwé, àkókò á tán mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí ìbéèrè ogójì.

Ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje 2024: Àtúnṣe Kẹta jáde, ojú ìwé mélòó kan péré, ọ̀fẹ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Kò sí ìwé tuntun tí wọ́n tẹ̀ fún un. Ẹni tó ní brown book ní láti tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ kó kì í sínú ìwé. Mo ti bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bátìrì àti sólà pàdé tí wọn ò gbọ́ nípa rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ti ilé kíkọ́ ní England tilẹ̀ rọrùn. Gbogbo Approved Documents, ìwé ìtọ́sọ́nà òfin ilé kíkọ́, PDF ọ̀fẹ́ ni lórí ojúlé ìjọba. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti rà á àyàfi tó bá fẹ́ràn bébà. Àmọ́ ẹ wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Approved Document B, ti ìjàǹbá iná, wọ́n ti tún un ṣe léraléra lẹ́yìn Grenfell, ilé gogoro tó jóná ní Lọ́ńdọ̀nù. Àtẹ̀gùn kejì fún ilé gbígbé tuntun tó ga tó mítà 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2026 ni wọ́n dá fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

ỌmọLágelu

Ìbéèrè àgọ̀ ni mo fẹ́ béèrè. Tó bá jẹ́ òfin ni, kí ló dé tí a fi ń rà á? Ṣé wọ́n ń ta òfin ni?

AfáráTópẹ́

Kì í ṣe àgọ̀ rárá, ilé ẹjọ́ ti jókòó lé e lórí. Texas gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Peter Veeck ní ojúlé kan nípa àríwá Texas. Ìlú kékeré méjì níbẹ̀, Anna àti Savoy, ti gba ìwé kóòdù ilé kíkọ́ tí ẹgbẹ́ SBCCI kọ wọlé gẹ́gẹ́ bí òfin. Veeck san dọ́là 72 fún ẹ̀dà tó wà lórí disk, ó sì gbé e sórí ojúlé rẹ̀ kí gbogbo ará ìlú lè kà á. SBCCI ní ìwé àwọn ni, kó yọ ọ́. Wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ẹkùn karùn-ún, gbogbo adájọ́ ibẹ̀ sì jókòó lé e. Ní 2002, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní tí ìwé bá ti di òfin ìlú, kò sẹ́ni tó lè ní òfin ìlú sápò. Ní 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Washington tún dá àwọn Public.Resource.Org, ẹgbẹ́ tó ń gbé ìwé òfin síta lọ́fẹ̀ẹ́, láre lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, pé gbígbé ìlànà tó ti wọnú òfin síta lọ́fẹ̀ẹ́, láìfi ṣòwò, kò lòdì.

Àwọn tó kọ ìwé náà náà ní tiwọn láti sọ: owó ìwé yẹn ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ kíkọ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ICC (àwọn tó ni IBC) àti NFPA fi ń jẹ́ kí o kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, àmọ́ tí o bá fẹ́ dà á kọ, tẹ̀ ẹ́ jáde, fi àmì sí i tàbí kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, o ó sanwó. Fún ẹni tó kàn fẹ́ wo nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ọ̀fẹ́ yẹn tó.

Ìjẹ̀búNewJersey

Kò sẹ́ni tó tíì sọ ibi tí bàtà ti ta èmi lẹ́sẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tí mo wà tẹ́lẹ̀ ló ń sanwó ti orí íntánẹ́ẹ̀tì fún wa. Ọdún márùn-ún ni mo fi ń kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé níbẹ̀: ohun tí ìńsípẹ́kítọ̀ ìlú yìí ń fẹ́, ohun tí ìlú kejì kì í gbà, ìṣirò tí mo ti ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí n kò fẹ́ ṣe mọ́. Ọjọ́ tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ẹnu ọ̀nà náà. Gbogbo rẹ̀ lọ. N kò lè bínú sí wọn, ìwé wọn ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ilé àyágbé ni mo ti ń kun ọ̀dà sí láti ọjọ́ yìí wá ni.

Ní báyìí, ti ilé iṣẹ́ ni mo fi ń wá nǹkan, ìwé tèmi ni mo fi ń kọ nǹkan.

Àdùkẹ́Àkàbà

Jésù! Ọdún márùn-ún?

Ẹ jẹ́ n fi ti sáìtì kún un. Houston lèmi náà wà, àbúrò, o mọ oòrùn wa. Lóṣù kẹjọ, fóònù tí o gbé sórí ẹ̀yìn ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá á kọ̀wé sójú ara rẹ̀ pé òun gbóná jù, á sì kú. Mo wà nínú kòtò lọ́jọ́ kan, à ń jiyàn lórí bí a ṣe máa gbẹ́ ẹ jìn tó. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi, ẹrẹ̀ wà lára ìbọ̀wọ́, fóònù ò gba ìka. Ọ̀kan nínú wa ṣí ìwé, Table 300.5(A): PVC íǹṣì 18, wáyà tí a sin lásán íǹṣì 24, páìpù irin líle íǹṣì 6. Ìjà parí. Àmọ́ ìwé kan náà yẹn, tó bá lo ọdún kan nínú ọkọ̀ ní Houston, ọ̀rinrin á wú u bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú omi. Inú ike ni kí o máa tọ́jú rẹ̀ sí.

Tí o bá gba ti orí fóònù, mú un lọ sí ìsàlẹ̀ ilé tí kò sí nẹ́tíwọọ̀kì, wò ó bóyá ó ń ṣí níbẹ̀, kí o tó gbára lé e.

Ti fóómàn yẹn, má bá a jà. Kì í ṣe kóòdù ló rò pé ò ń wò lórí àkàbà, TikTok ló rò. Sọ̀ kalẹ̀ kí o tó yọ fóònù.

Bírọ̀Mọ́kọ́lá

Ìbàdàn ni mo wà, plánù ni mò ń yà. Ìjíròrò yín dùn mọ́ mi, àmọ́ ó ń fi mí rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí ẹ̀yin ń yan láàárín méjì tó dára. National Building Code tiwa, 2006 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde. Ìwé títẹ̀ rẹ̀ wọ́n bí ojú, PDF ló ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ lórí WhatsApp. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi kọ́kọ́, wọ́n fi kámẹ́rà ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni, o ò lè wá ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, àtàǹpàkò ẹnì kan sì bo igun mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ní yunifásítì, fọ́tòkọ́pì BS 8110, ìwé ìlànà kọ̀ńkéré ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi kọ́ wa, fọ́tòkọ́pì fọ́tòkọ́pì gan-an ni, èyí tí nọ́ńbà 3 àti 8 ti di ìbejì. Bẹ́ẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ni ín ti pa á tì ní 2010, wọ́n ti lọ sí Eurocode. Wọ́n ṣì ń fi í ṣe kọ̀ńkéré níbí.

Tí ẹ bá ní ìwé àtijọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ jù nù, ẹ fi ránṣẹ́ sílé.

ÌyáÌbejì_Maryland

Ẹ má ju ìwé àtijọ́ nù o! 2009, 2012, 2015, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí pẹpẹ mi. Ilé tó gba àṣẹ lábẹ́ ẹ̀dà 2012, ẹ̀dà 2012 ni wọ́n á fi dá a lẹ́jọ́ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ ọdún rẹ̀ gàdàgbà sẹ́yìn ìwé, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e ṣiṣẹ́ òní.

ỌmọÌlọrin_Wáyà

Tí o bá fẹ́ ra ìwé, àbúrò, má ra olówó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ ẹni tí o kò mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ra ọ̀kan tó fi ogójì dọ́là dín. Ẹ̀yìn rẹ̀ dára. Inú rẹ̀, ìkọ̀wé rẹ̀ ṣú bí ẹni pé ojú ń ṣe mí, Chapter 9 sì fò ojú ìwé mẹ́jọ. Ayédèrú ni. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, ó ti pa ìsọ̀ rẹ̀ rẹ́. Ti àlòkù náà, wo ọdún rẹ̀ dáadáa: àwọn tó ń ta ti 2017 kì í kọ 2017 gàdàgbà.

WáyàHouston

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á máa bù fún yín. Mo ti ka ìwé ìtọ́ni ìdánwò látòkè délẹ̀, nǹkan tí mi ì bá má ṣe kí n tó sanwó. Mo ti pe àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà, mo béèrè èyí tí wọ́n máa jẹ́ kí n lò àti ẹ̀dà tó jẹ́. Mo ra onírin róbótó, lọ́dọ̀ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ gan-an. LiNK, oṣù tó bá kan ìdánwò nìkan ni mo máa san, kí n fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀rọ̀. Mo ti ní ìwé ìkọ̀wé kan bíi ti Bàbá, ọ̀rọ̀ 31 ló wà níbẹ̀ báyìí. Fóómàn rí i lọ́wọ́ mi lónìí, ó ní kí ni "ilẹ̀"? Mo ní ground ni. Ó ní òun náà fẹ́ kọ́ ọ.

Ìbéèrè kan ló kù. Tábù Article 250, ibi tí ọ̀rọ̀ grounding wà, ti sọnù nínú èyí tí mo rà. Mo wá a títí, ilẹ̀kùn fíríìjì ni mo ti bá a, ọmọ kejì ló lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kò sì ṣeé ṣí mọ́. Ṣé wọ́n ń ta ẹyọ kan?

BàbáKọ́ńdúìtì

Wọn kì í ta ẹyọ kan. Mo ní àjẹkù ti 2023, fi àdírẹ́sì rẹ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Èyí tó wà lára fíríìjì, fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Fíríìjì náà nílò ground.